Kíkó aláǹtakùn nínú igbó etíkun àti lórí iyanrìn: ibo ni ká lọ, báwo la ó sì ṣe é?

Olùkọ́ Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwa olùkọ́ díẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti ń wá aláǹtakùn kiri nínú igbó tó yí Ifẹ̀ ká àti lẹ́bàá àwọn àpáta ọ̀nà Iléṣà, débi pé èyí tó ń ta òwú sára ògiri, èyí tó ń sáré lórí ewé gbígbẹ àti èyí tó ń fò mọ́ eṣinṣin kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ wa kò tíì dé ni etíkun. À ń gbèrò láti gba Oǹdó, Orè àti Òkìtìpupa lọ sí Igbókòdá, kí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀ lọ sí Ayétòrò, kí a sì kó aláǹtakùn nínú igbó tó wà nítòsí òkun àti lórí iyanrìn etí òkun fúnra rẹ̀, kí a lè fi ohun tí a bá rí ní ibi méjèèjì wéra, kí a sì tún fi wọ́n wé ti Ifẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè nìyí. Ṣé aláǹtakùn wà lórí iyanrìn etí òkun tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ náwó, àbí kí a kúkú lo gbogbo àkókò wa nínú igbó? Ife tí a máa ń rì mọ́ ilẹ̀ kí ohun tó bá ń rìn kọjá lè jábọ́ sínú rẹ̀, ṣé yóò ṣiṣẹ́ nínú iyanrìn? Ní ti ohun tí a ó fi tọ́jú wọn kí wọ́n má baà jẹrà, ọ̀kan nínú wa ní kí a má wulẹ̀ ra ẹ́tánọ̀ọ̀lù, nítorí pé ògógóró kún agbègbè Òkìtìpupa, ọtí náà sì ni ọtí. Èmi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi ta kò ó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá wa dá sí i.

Ọmọ Ìlàjẹ, Mọ̀dákẹ́kẹ́:

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó lè yí ètò yín padà: Ayétòrò kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń wá iyanrìn lọ. Etíkun Nàìjíríà kì í ṣe oríṣi kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti Bàdágìrì lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, títí dé sàkáání Aráròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, iyanrìn ni, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sí ẹnu odò Benin, ẹrẹ̀ ni òkun ń kọlù, òun sì ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní etíkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Màhín. Orí ẹrẹ̀ yìí ni Ayétòrò wà. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, òkun sì ti ń jẹ ẹ́ wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn àgbà wa gbé nígbà èwe wọn ti wà lábẹ́ omi lónìí. Ẹni tó bá ń wá aláǹtakùn orí iyanrìn, Aráròmí ni kó lọ. Kì í ṣe pé ẹrẹ̀ kò ní aláǹtakùn tirẹ̀, nítorí koríko àti igi kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta òwú sí, àmọ́ ibùgbé mìíràn gbáà nìyẹn, ẹ kò sì gbọdọ̀ pè é ní iyanrìn nínú àkọsílẹ̀ yín.

Igbó tí ẹ ń wí náà, ẹ má rò pé yóò rí bí igbó Ifẹ̀. Omi ló wà lábẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ògùrọ̀ pọ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò igi a sì máa yọ sókè kúrò nínú omi. Ní àárín òjò, omi a máa bo ilẹ̀ igbó náà, kò sì ní sí ewé gbígbẹ kankan tí ẹ ó tú wò. Ní tèmi, ìparí òjò ló dára jù, láti bí òpin oṣù kẹwàá lọ, nígbà tí omi bá ti ń fà, tí ọyẹ́ kò sì tíì gbẹ gbogbo nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ ní ìletò tí ẹ bá dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, torí àjèjì tó ń tan iná kiri létí omi lóru yóò kó ọkàn ará ìlú sókè. Bó bá jẹ́ igbó ìjọba ni, ìwé àṣẹ láti ẹ̀ka tó ń rí sí igbó ní ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Nípa ọkọ̀ ojú omi, awakọ̀ tí kò bá ní ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, ẹ má wọ tirẹ̀, bó ti wù kó dín owó fún yín tó.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀kẹ̀sà, Iléṣà:

Ẹ fi iyanrìn sílẹ̀ jàre. Mo ti rin etí òkun ní Lẹ́kkí lọ́sàn-án gangan láìrí aláǹtakùn kan ṣoṣo. Oòrùn ń jó, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́, kò sí ibi tí ẹ̀dá kékeré lè fara pa mọ́ sí, akàn ló gba gbogbo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá gbogbo ohun tí ẹ ń wá lábẹ́ igi méjì péré nínú igbó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí igbó etíkun láìsí wàhálà ọkọ̀ ojú omi, Lekki Conservation Centre wà níbẹ̀ láti ọdún 1990, hẹ́kítà 78 ni fífẹ̀ rẹ̀, afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 sì wà níbẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè síbi tí àwọn ewé igi ńláńlá wà. Fọ́tò nìkan ni kí ẹ yà níbẹ̀ o. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn kó ohunkóhun láìgba àṣẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin Parakin, Ilé-Ifẹ̀:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀kẹ̀sà, ṣùgbọ́n «lọ́sàn-án gangan» tí wọ́n fi sínú ọ̀rọ̀ wọn ni gbogbo àlàyé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aláǹtakùn etí òkun kì í jáde nígbà tí oòrùn bá ń jó iyanrìn. Lọ́sàn-án, ẹ yí igi tí omi gbé wá sí èbúté, ẹ tú èèpo àgbọn àti pàǹtí tó gbẹ sójú ìlà tí omi ń dé mọ, kí ẹ sì wo abẹ́ ewéko tó ń fà lórí iyanrìn lẹ́yìn ìlà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lúgọ sí.

Òru ni kí ẹ tó máa rìn. Àwọn aláǹtakùn ìdílé Lycosidae, tí púpọ̀ nínú wọn kì í ta òwú dẹ ẹran bí kò ṣe pé wọ́n ń sáré lé e, ní ojú mẹ́jọ, méjì tó tóbi jù nínú wọn dojú kọ iwájú, ohun kan sì wà lẹ́yìn ẹyinjú wọn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá gan-an. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iwájú orí ni ẹ gbọ́dọ̀ de tọ́ọ̀ṣì mọ́, nítòsí ojú yín. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ dání níbàdí yóò rìn kọjá lára wọn láìrí ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó rí kéré, ó mọ́ roro, ó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ìrì náà máa ń dán lórí koríko, àmọ́ funfun ni tirẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń rìn, nígbà tí ti aláǹtakùn kì í kú títí yóò fi yí ojú padà. Ẹ tẹ̀ lé e láìgbé ojú kúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ da ìgò dé e lórí, kí ẹ sì ti bébà líle bọ abẹ́ ìgò náà. Bó bá jẹ́ abo tí àwọn ọmọ rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, nítorí pé bí nǹkan bá ti fara kàn án báyìí, àwọn ọmọ náà yóò tú ká sínú iyanrìn, kò sì sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ mọ́ pé ìyá ọlọ́mọ ni.

Ní ti ife, yóò ṣiṣẹ́ nínú igbó. Lórí iyanrìn, yóò fún yín ní iṣẹ́ ṣe. Ẹnu ife gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀, torí bó bá yọ sókè díẹ̀, aláǹtakùn yóò kàn án, yóò sì yà. Iyanrìn a máa ya bo ihò náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ife, nítorí náà ẹ ki méjì bọ inú ara wọn, kí ẹ máa yọ ti inú nìkan, kí ti ìta máa di ihò náà mú. Akàn ni ọ̀tá gidi. Akàn tó ń sáré lórí iyanrìn lóru yóò jábọ́ sínú ife, yóò jẹ ohun tó bá níbẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ da ìyókù rú. Ẹ fi wáyà oníhò bo ẹnu rẹ̀, irú èyí tí ihò rẹ̀ gba aláǹtakùn tí kò gba akàn. Ẹ gbé wọn sí òkè ibi tí omi ń dé, kí ẹ bu omi tí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí sínú wọn, nítorí ọṣẹ ni kì í jẹ́ kí ohun tó fúyẹ́ dúró sójú omi, kó sì tún rìn jáde. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ lọ kó wọn. Ooru etíkun kì í jẹ́ kí òkú ẹ̀dá pẹ́ nínú omi ọṣẹ lásán kó tó rà.

Nínú igbó, ẹ kò nílò ohun èlò olówó ńlá. Ẹ ṣí agbòòrùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ ẹ̀ka igi, ẹ fi ọ̀pá gbá ẹ̀ka náà, ẹ ó sì rí ohun tó ń gbé lára rẹ̀. Asẹ́ gàrí ni mo fi ń jọ ewé gbígbẹ sórí aṣọ funfun. Ibí yìí gba sùúrù: fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó rò pé ìdọ̀tí lásán ló wà lórí aṣọ náà, torí àwọn aláǹtakùn kéékèèké máa ń ká ẹsẹ̀ jọ tí wọ́n á díbọ́n pé àwọn ti kú, ẹni tó bá gbọn aṣọ rẹ̀ nù kíákíá ti da èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nù. Àwọn tó ń ta òwú sáàárín igi, ẹ ya àwòrán òwú náà kí ẹ tó mú ẹni tó ta á, nítorí pé kò sí bí òwú ṣe lè wọnú ìgò, ọtí yóò sì ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọ̀ ara aláǹtakùn náà.

Ògógóró kò tó. Agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìgò dé ìgò, ó sì sábà máa ń kéré sí ìdá 70 sí 80 nínú 100 tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ikùn aláǹtakùn rọ̀, omi ló sì kún un, nítorí náà inú ọtí tó bá fẹ́lẹ́ ni yóò ti jẹrà kó tó já kúrò lára ìyókù. Bí ẹ bá rí ẹ́tánọ̀ọ̀lù oní-95 rà, ẹ wọn mìlílítà 790 nínú rẹ̀, kí ẹ fi omi aláìníyọ̀ tí àwọn rewáyà ń dà sí bátìrì ọkọ̀ kún un (omi ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì) títí yóò fi di lítà kan. Ìdá 75 ni ẹ ó ní. Ní ọjọ́ kejì, ẹ da ọtí inú ìgò nù kí ẹ rọ tuntun sí i, torí omi ara wọn yóò ti là á. Èyí tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ yọ ẹsẹ̀ kan tàbí méjì lára rẹ̀ sínú oní-95 tí ẹ kò là.

Ẹ má kó ọmọdé aláǹtakùn. Ẹni tó ti dàgbà tán nìkan ni a lè fi ọkàn balẹ̀ dá mọ̀ dé orúkọ rẹ̀ gan-an: akọ ní ọwọ́ kéékèèké méjì níwájú tí orí wọn wú bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà, ọ̀pọ̀ abo sì ní àwo kékeré líle kan lábẹ́ ikùn, níbi tí ikùn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ara méjì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń yà sínú ìwé. World Spider Catalog, tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-sí ti ìlú Bern ní Switzerland ń bójú tó, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2022 ni iye irú aláǹtakùn tí ayé ti sọ lórúkọ nínú rẹ̀ kọjá 50,000, ẹni tó bá sì fi ọmọdé wá orúkọ láàárín ẹgbàágbèje wọ̀nyẹn, ó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò ni.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, bébà inú ìgò. Kì í ṣe èyí tí a lẹ̀ mọ́ ìta, torí ọtí tó bá kán sí i yóò tú u. Ẹ gé bébà tó nípọn, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìlú, àmì GPS, ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí i gan-an, bí ẹ ṣe mú un, àti orúkọ ẹni tó mú un, kí ẹ sì tì í bọ inú ìgò pẹ̀lú aláǹtakùn náà lójú ẹsẹ̀. Íǹkì báírò a máa ṣí nínú ọtí, ẹ ó kàn bá bébà funfun níbẹ̀ ni. Ẹ má sì kọ «Aráròmí, etí òkun» kí ẹ dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ bí ó bá jẹ́ abẹ́ èèpo àgbọn lójú ìlà omi, tàbí orí iyanrìn gbalasa lóru, tàbí ìdí koríko lẹ́yìn ìlà náà. Ìgò kan fún ibùgbé kan, ẹ má da ti igbó pọ̀ mọ́ ti iyanrìn pẹ̀lú èrò pé ẹ ó rántí tí ẹ bá délé. Etíkun tí òkun ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ìlàjẹ ti sọ, lè má sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ẹ bá kọ sórí bébà yẹn ni yóò ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá parí, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Natural History Museum tó wà nínú ọgbà OAU nípa ibi tí ẹ lè kó wọn sí, kí wọ́n má baà kú sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì Ìsọ̀kùn, Iléṣà:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Kí n fi díẹ̀ kún un nípa ìlera àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oró ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aláǹtakùn kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò igi tàbí ìdí imọ̀ ọ̀pẹ. Àwọn aláǹtakùn ńlá onírun tó ń gbé níbẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí Heteroscodra maculata, a máa yára gan-an, ìbùjẹ wọn a sì máa dunni wọra. Oró èyí tí mo dárúkọ yìí ni àwọn olùṣèwádìí lò ní 2016 láti fi mọ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí iṣan ara ń gbà gbé ìrora. Paramọ́lẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ewé gbígbẹ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju aláǹtakùn lọ, nítorí náà bàtà gígùn ni fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jọ ewé, ọ̀pá ni kí ẹ sì fi tú u kí ọwọ́ tó kàn án.

Olùkọ́ Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti pa Ayétòrò tì, Aráròmí ni a ó lọ ní ìparí òjò, ẹni tó dábàá ògógóró náà sì ti gbà pé ti ọ̀fun nìkan ló wà fún. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wa kan. Ó ní bí a bá rí irú aláǹtakùn tí a mọ̀ ní Ifẹ̀ lórí iyanrìn, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ń gbé, tàbí pé afẹ́fẹ́ ló kàn gbé e sọ síbẹ̀?

Arábìnrin Parakin, Ilé-Ifẹ̀:

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ronú dáadáa. Aláǹtakùn kékeré a máa gun ibi gíga, yóò gbé ìdí sókè, yóò tú òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Bristol fi hàn ní 2018 pé agbára iná mànàmáná tó wà nínú òfuurufú náà lè gbé wọn gbéra, kódà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Ní 1832, Charles Darwin rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lára okùn ọkọ̀ òkun rẹ̀ ní nǹkan bí máìlì 60 sí ilẹ̀ Ajẹntínà, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí Krakatau, òkè tó ń yọ iná ní erékùṣù kan ní Indonesia, bú gbàù ní 1883, tó pa gbogbo ohun alààyè orí erékùṣù náà, aláǹtakùn kékeré kan ṣoṣo ni ẹ̀dá alààyè tí àwọn tó dé ibẹ̀ rí ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá rí lórí iyanrìn kò fi ohunkóhun múlẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tó kéré gan-an tó wà lórí igi tí omi gbé wá. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá ẹ bá akọ àti abo àgbà níbẹ̀, bóyá abo náà gbé àpò ẹyin tàbí ọmọ, bóyá ó ní ihò tó fi òwú tẹ́ nínú. Ẹ kọ èyíkéyìí tí ẹ bá rí nínú wọn sórí bébà náà. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan, ẹ kọ ìyẹn náà.